Orí Kẹrin: Ẹ Fi Í Dógò, Kó Ṣì Wà Lọ́wọ́ Yín

Ní oríta Dassa-Zoumè, níbi tí ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu bọ̀ ti pín sí méjì, tí ọ̀kan gba Ṣábẹ lọ sí Parakou, tí èkejì sì gba Sávàlú lọ sí Djougou, ọkọ̀ kì í dúró kí àwọn obìnrin má sáré dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀. Wọ́n á gbé gàrí dé, wọ́n á gbé ẹ̀pà dé, wọ́n á na ìgò oyin sókè. Bí ẹ bá wo àwọn àpò tó ní àmì lára, ẹ óò rí òkè lórí púpọ̀ nínú wọn. Kò yani lẹ́nu, nítorí ìlú olókè 41 ni gbogbo ènìyàn mọ̀ wá sí. Àmọ́ ta ló kọ́kọ́ ya òkè sára àpò gàrí? Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, olúkúlùkù ni yóò ní òun ni. Ẹ wá ní kí wọ́n mú ìwé wá. Ibẹ̀ ni ariwo á ti rọlẹ̀.

Ìwé yẹn ni orí yìí dá lé. Ẹni tó ni orúkọ ọjà rẹ̀ lábẹ́ òfin ní ohun kan tó lè gbé síwájú ayánilówó. Ẹni tí kò ní in lè fi ogún ọdún tà, kí ẹlòmíràn wá fi orúkọ yẹn yáwó lójú rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa mọ ìdógò dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó a fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lóko olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé, ojú owó kì í dín títí wọ́n á fi san án pé. Àwọn mìíràn a fi oko dógò, olówó á máa ká a títí gbèsè yóò fi tán. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti jọra ni pé ohun tí wọ́n fi dógò ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìyá tó bá gbé ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fún olówó lọ́nà bẹ́ẹ̀, kí ni yóò fi lọ ẹ̀gẹ́ tí yóò tà tí yóò fi san gbèsè?

Ohun tí òfin yí padà

OHADA ni àjọ tí orílẹ̀-èdè 17 ní Áfíríkà fi ń pa òfin òwò wọn pọ̀ ṣọ̀kan. Ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1993 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Port-Louis. Òfin rẹ̀ tó ń darí ìdógò, Kútọnu tiwa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1997. Wọ́n tún un kọ ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2010, èyí tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2011.

Òfin tuntun yìí gbà kí ẹ fi ohun tó ṣeé gbé dógò kó sì wà lọ́wọ́ yín. Dípò kí olówó gbé ẹ̀rọ lọ, wọ́n á kọ ìdógò náà sínú RCCM, ìwé ìjọba tí orúkọ àwọn oníṣòwò àti ohun tí wọ́n fi yáwó máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ náà lè lọ yẹ ìwé wò kó tó na owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọjà inú àká: kajú, ẹ̀pà, ìrẹsì, gàrí tó ń dúró de ìgbà tí owó rẹ̀ yóò gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni fún owó tí ẹlòmíràn jẹ yín. Òfin kan náà wá yan àyè fún ohun ìní ọpọlọ: àmì òwò, ìwé ẹ̀rí ìhùmọ̀ tuntun, ìrísí ọjà, àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn.

Ìdí tí èyí fi kàn wá ju àwọn ará Kútọnu lọ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bánkì fẹ́ràn ilẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tó ní ìwé ni wọ́n fẹ́ràn. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ti dé, tí wọ́n sì ti tún un ṣe ní 2017, titre foncier ni ìwé tó fìdí ẹni tó ni ilẹ̀ múlẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí tí a jogún lábẹ́ òkè, tí àwọn àbúrò bàbá mẹ́fà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ta ni yóò kó gbogbo wọn jọ kí wọ́n fọwọ́ sí i? Owó kékeré tí ìjọba ń pè ní Alafia, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 pẹ̀lú 30,000 fáráǹkì, ran ọ̀pọ̀ ìyá lọ́wọ́, mo sì fẹ́ràn pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí ara wa ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ 30,000 kò ra ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọkọ̀ kó wọ ilé ìtajà ńlá ní láti wá ìdógò mìíràn.

Nàìjíríà kò sí nínú OHADA, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà tirẹ̀ dé ibi tó jọ ọ́: òfin kan jáde níbẹ̀ ní 2017 lórí fífi ohun tó ṣeé gbé yáwó, bánkì àpapọ̀ wọn ló sì ń tọ́jú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹ mú èyí lọ́wọ́ bí ẹ bá ní ẹbí oníṣòwò ní ìhà ọ̀hún.

Kí òwò ní orúkọ kí ọjà tó ní

Ẹ má fi ẹsẹ̀ kejì ṣáájú èkíní. Ẹni tí òwò rẹ̀ kò sí lórí ìwé kankan, yóò ṣòro fún un láti fi ohun òwò dógò lọ́nà tí a ń sọ yìí. Fún ẹni kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, tó ń dáko tàbí tó ń tajà níwọ̀nba, òfin OHADA dá ipò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní entreprenant. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá, kò sì béèrè ìwé rẹpẹtẹ: ẹ ó kéde iṣẹ́ yín ni, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà. Ẹni tó ju ìyẹn lọ lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní monentreprise.bj. Kò gba wàhálà bí ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ yín tó ń tẹ fóònù láti àárọ̀ dalẹ́ lè bá yín ṣe é.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí tàbí tó ń fọ́ kajú ní tiwọn, kí wọ́n gba ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọjọ́ kan náà tí wọ́n tún òfin ìdógò kọ ní Lomé, ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2010, ni wọ́n ṣe òfin tiwọn. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tó ń tẹ̀lé e.

Ta ni orúkọ yóò jẹ́ tirẹ̀?

OAPI ni ilé tó ń fún ni ní ìwé àmì òwò. Yaoundé ní Kamẹrúùnù ló fi ṣe ibùjókòó, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ẹ fi máa wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó dúró fún un ní orílẹ̀-èdè wa ni ANaPI, ní Kútọnu. OAPI fúnra rẹ̀ ti pẹ́: láti ọdún 1962 ní Libreville, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, ni a ti wà lára àwọn tó dá àjọ náà sílẹ̀. Bangui ni wọ́n ti fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí, ní 1977. Wọ́n tún àdéhùn náà ṣe ní 1999, lẹ́yìn náà ní Bamako ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 2015. Apá tó kan àmì òwò nínú ti Bamako bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022. Láti ìgbà náà, kì í ṣe ohun tí ojú rí nìkan lẹ lè fi ṣe àmì, ohùn náà wọlé. Bí agogo tí ẹ ń lù tí ẹ bá ń ta oyin bá ti di ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ yín mọ́, ẹ lè béèrè. Wọ́n tún ń gbé ìbéèrè yín síta kí wọ́n tó fún yín ní ìwé, kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ lè sọ̀rọ̀ ní àkókò tí òfin là sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kó dá yín lójú nìyí: ní OAPI, ẹni tó kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni orúkọ jẹ́ tirẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ tà, kì í ṣe ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ń tà á. Òfin ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ fún ẹni tó ti ń lo orúkọ tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kì í pẹ́ tì. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé tiyín náà sílẹ̀, kí ẹ sì ní ẹ̀rí: risíìtì àtijọ́, fọ́tò, àpò tó ní déètì. Mélòó nínú wa ló ń tọ́jú risíìtì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn?

Ìwé kan ṣoṣo yìí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè 17 tó wà nínú OAPI: Tógò wà níbẹ̀, Niger wà níbẹ̀, Burkina Faso, Mali, Côte d'Ivoire, Senegal. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Mo rọ̀ yín kí ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì, nítorí àwa Ìdáàṣà máa ń rò pé ibi tí a bá ti gbọ́ èdè ara wa, òfin wa dé ibẹ̀. Bí àpò yín bá ń lọ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, ẹ ní láti lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní ti ọ̀hún.

Iye tí ẹ óò san sinmi lórí iye ìsọ̀rí ọjà tí ẹ bá kọ sínú ìwé. Gàrí àti oyin kò sí ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ má gbéra ga kọ gbogbo ìsọ̀rí nítorí ẹ lérò pé lọ́jọ́ kan ẹ óò ta ọṣẹ. Àmì tí ẹ kò bá lò fún ọdún márùn-ún gbáko, ẹlòmíràn lè ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín. Ọdún mẹ́wàá ni ìwé náà ń gbé, ẹ sì lè sọ ọ́ di ọ̀tun ní ìgbàkúùgbà tí mẹ́wàá bá pé. Kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ẹnìkan ti gba irú orúkọ náà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti rí tí orúkọ fi ń bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ, kò sì sí olè nínú èyíkéyìí.

Ti àkọ́kọ́: ọmọ ìyá tó wà ní Kútọnu. Òun ló mọ ọ̀nà ANaPI, òun ló mọ èdè Faransé, wọ́n á ní kó lọ bá wọn ṣe é. Ó ṣe é, ó fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe é, kò sì ní ohun búburú lọ́kàn. Ní ọdún kẹrin, àárín wọn dàrú, ìwé sì wà ní Kútọnu. Bí ẹ bá máa rán ènìyàn, ẹ wo orúkọ tó wà ní àyè ẹni tó ni àmì kí ó tó fi í sílẹ̀. Ti èkejì: ààrẹ ẹgbẹ́. Àwọn obìnrin ogún jọ dá owó, ààrẹ sì fi orúkọ ara rẹ̀ gba ìwé nítorí ẹgbẹ́ kò tíì ní ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi tẹnu mọ́ ìwé ẹgbẹ́ lókè. Òfin tún ní oríṣi àmì kan fún àjọlò, èyí tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè máa lò lábẹ́ ìlànà kan náà. Ẹ béèrè fún un.

Ẹ̀kẹta ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ayàwòrán tó ya òkè àti obìnrin tó ru igbá fún yín, òun ló ni àwòrán náà lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹṣèdá, ìyẹn òfin 2005-30 ti oṣù kẹrin ọdún 2006. Pé ẹ san owó iṣẹ́ fún un kò sọ pé ẹ ra ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, ojú ìwé kan péré, pé òun gbé ẹ̀tọ́ lílo àwòrán yìí lórí ọjà fún yín, iye báyìí, ọjọ́ báyìí, kó fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí ẹ ń sanwó. Lẹ́yìn tí ọjà bá ti gbajúmọ̀, ìwé kan náà á di ohun tó wọ́n.

Orúkọ ìlú kì í di ti ẹnì kan. Bí ẹ bá kọ “Gàrí Dassa” sórí ìwé, wọn á sọ fún yín pé ẹ kàn sọ ohun tí ọjà jẹ́ àti ibi tó ti wá ni. Gàrí sohoui tí ayé mọ̀ mọ́ Sávàlú, ará Sávàlú kan kò lè sọ pé tòun nìkan ni, kí a má tilẹ̀ sọ ti ará Dásà tó ń kọ Sávàlú sára àpò. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀: ìwé àmì ibi tí ọjà ti wá. Ọ̀pẹ̀-òyìnbó adùn-bí-ṣúgà ti pẹpẹ ilẹ̀ Allada ló kọ́kọ́ gba ìwé bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, ní 2021: gbogbo àgbẹ̀ agbègbè náà tó bá tẹ̀lé ìlànà ló lè lò ó, kò sì sí ẹni tó lè fi í yáwó fún ara rẹ̀.

Fífi orúkọ yáwó

Ẹ ti gba ìwé. Ẹ fẹ́ yá mílíọ̀nù méjì láti ra ẹ̀rọ ìyangàrí. Báwo ni orúkọ ṣe ń di ìdógò?

Ìwé ni; ẹnu kò tó. Bí ìdógò ohun ìní ọpọlọ kò bá sí lákọsílẹ̀, òfo ni. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó yáwó, ẹni tó yáni lówó, àmì tí wọ́n ń sọ, àti gbèsè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sínú RCCM, wọ́n á sì jẹ́ kí OAPI mọ̀, kí ẹni tó bá yẹ ìwé àmì òwò wò lè rí i pé gbèsè wà lórí rẹ̀.

Ibì kan wà nínú òfin yìí tó yẹ kí ẹ há sórí. Bí ìwé kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìdógò tó wà lórí àmì kò kan èso rẹ̀. Ìyẹn ni pé, bí ẹ bá fún ilé ìtajà kan ní Parakou ní àyè láti máa lo orúkọ yín, tí wọ́n ń san owó fún yín lóṣooṣù, owó yẹn ṣì jẹ́ tiyín. Ẹ kíyèsí “bí ìwé kò bá sọ nǹkan mìíràn”. Ayánilówó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sọ nǹkan mìíràn. Ẹ wá ibi tí ó ti sọ ọ́, kí ẹ sì bá a dúnàá-dúrà síbẹ̀.

Ìdẹkùn kejì ni ìdógò ilé òwò lódidi, tí wọ́n ń pè ní nantissement du fonds de commerce. Oníbàárà, orúkọ ilé òwò àti ẹ̀tọ́ lórí ṣọ́ọ̀bù ló máa ń wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmì òwò kì í wọ inú rẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá kọ gbólóhùn kan ní pàtó tó dárúkọ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn kì í tóbi, ó sì sábà máa ń wà ní ojú ewé tí ọ̀gá òṣìṣẹ́ ń yí kíákíá tí ń sọ pé “ibí náà, ìyá, ẹ fọwọ́ sí i”.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi láì fi epo bọ iyọ̀. Ní àgbègbè òkè wa yìí, n kò tíì bá ilé ìyáwó kan pàdé tó yá ènìyàn lówó nítorí àmì òwò nìkan. Ìdí rẹ̀ yé mi. Ẹ̀rọ, wọ́n lè tà á ní ọjà Glazoué ní ọjọ́ kan. Orúkọ, ta ni yóò rà á, èló ni yóò sì rà á? Ní 1997, ọdún kan náà tí wọ́n ń fọwọ́ sí òfin ìdógò ní Kútọnu, olórin Gẹ̀ẹ́sì David Bowie fi owó tí orin rẹ̀ yóò máa pa lọ́jọ́ iwájú gba mílíọ̀nù 55 dọ́là. Àwọn olówó gbà fún un nítorí wọ́n rí ìwé ọ̀pọ̀ ọdún tó fi iye tí orin náà ń pa hàn. Tiwa náà, àkọsílẹ̀ ni yóò sọ orúkọ di owó. Ìwé ìtajà oṣù 24 tó mọ́, tó fi hàn pé àpò tó ní àmì ń tà ju àpò lásán lọ, níye lórí ju ìwé OAPI tó ń dán nínú férémù lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ ṣe orí ìdógò, ẹ fi ọjà inú àká ṣe ara, kí ẹ jẹ́ kí orúkọ ṣe èyí tí yóò jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kún owó tàbí kí wọ́n dín onígbọ̀wọ́ kù.

Ẹ̀rọ náà ní òfin tirẹ̀ tó dùn mọ́ mi. Àdéhùn lè sọ pé bí oníṣẹ́ kò bá lè san, olówó yóò di ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n amòye kan gbọ́dọ̀ díye lé e ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ 1,500,000 tí gbèsè tó kù jẹ́ 600,000, 900,000 tó lé jẹ́ tiyín. Ẹ béèrè rẹ̀ láì tijú.

Láti ọdún 2024 tí orílẹ̀-èdè wa ti ń dá gbígbé kajú tútù jáde dúró, ẹni tó ní ẹ̀rọ àti orúkọ ló ń jẹ èrè ibẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní tútù ń dúró de ẹni tí yóò rà á.

Onígbọ̀wọ́, èlé, àti ìwé tí a kò kà

Èyí ni ibi tí òfin ti gbèjà wa jù, tí a kò sì mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ tí kò mọ̀wé kọ, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe láti dúró lásán: kí wọ́n fọwọ́ sí i pé òun gan-an ló wá, pé wọ́n ṣàlàyé ohun tó ń fọwọ́ sí fún un àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹni tó mọ̀wé ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye owó náà, ní ọ̀rọ̀ àti ní nọ́ńbà. Títẹ ìka lórí ìwé òfìfo kì í ṣe ìgbọ̀wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí bàbá yín tẹ̀ka báyẹn, ẹ gbé bàbá dìde lórí àga.

Èlé náà ní ààlà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2014, ilé ìyáwó kékeré kò gbọdọ̀ gba ju 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún, bánkì kò gbọdọ̀ gba ju 15 lọ. Owó fáìlì àti àwọn owó mìíràn tí wọ́n so mọ́ owó yíyá wà nínú ìṣirò yẹn. Kì í ṣe pé kí wọ́n gba 24 kí wọ́n wá tún fi owó fáìlì kún un. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye rẹ̀ lọ́dún fún yín lójú ewé. “Méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù” dùn létí, àmọ́ òun gan-an ni 24 lọ́dún kí wọ́n tó fi ohunkóhun kún un.

Láti oṣù kejì ọdún 2016 náà ni ilé àkọsílẹ̀ gbèsè ti ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ tó ń ná sẹ́fà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n á gba ìyọ̀ǹda yín kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ gbà fún wọn. Ẹni tó ti san gbèsè mẹ́ta láì pẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì lè béèrè láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kó sì ní kí wọ́n tún àṣìṣe ṣe.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ àṣìṣe. Mo yáwó nígbà kan láti tẹ ìwé, mo fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti orúkọ ilé ìtẹ̀wé mi dógò, mo san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, a pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo lọ sí ibòmíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lórí kọ̀ǹpútà gbójú sókè, ó ní, “Bàbá, gbèsè wà lórí ẹ̀rọ yín.” Kò sẹ́ni tó parọ́. Èmi ni n kò béèrè. Ìkọsílẹ̀ inú RCCM lè wà níbẹ̀ fún iye ọdún tí àdéhùn bá sọ, títí dé mẹ́wàá, gbèsè ì báà ti tán. Ó gba oṣù mẹ́rin àti ìrìn àjò mẹ́ta kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ bá san owó ìkẹyìn, ẹ má dìde níbẹ̀ láì gba ìwé pé olówó ti tú ìdógò sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti kọ ọ́. Bí àmì òwò bá wà nínú rẹ̀, ẹ rántí pé ti OAPI náà gbọ́dọ̀ kúrò.

Bí ẹ kò bá sì lè san, ẹ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Òfin gbígba gbèsè ti yí padà: wọ́n ṣe tuntun ní Kinshasa ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2024. Ó ti dárúkọ ẹran ọ̀sìn, owó orí fóònù àti ilé òwò lódidi báyìí. Ẹ má rò pé owó tí ẹ kó sórí fóònù ti farapamọ́.

Fún àwọn olórin, ní ṣókí

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn máa ń kún ihò àpáta Arigbo ní ìlú wa, orin á sì máa lọ ní gbogbo ìgboro. Ẹni tó kọ orin kò nílò OAPI. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí owó tó lè dé ọwọ́ rẹ̀, BUBEDRA, ilé iṣẹ́ ẹ̀tọ́ òǹṣèdá ní Kútọnu, ni yóò sọ orin rẹ̀ fún. Owó tí wọ́n bá jẹ ẹ́ níbẹ̀ jẹ́ gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ ẹ́, òfin sì gbà kó fi gbèsè bẹ́ẹ̀ dógò, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti fi tó ẹni tó jẹ ẹ́ létí. Ní ti ère àti àwòrán Màríà, Ìyá Wa ti Arigbo, ẹ má tiẹ̀ dán an wò láti fi í ṣe àmì òwò.

Kí n padà sórí àmì òwò: bí ẹ bá ń lọ sí ANaPI, ẹ mú àpẹẹrẹ àmì yín dání bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, ìwé ìdánimọ̀ yín tàbí ti ẹgbẹ́, nọ́ńbà RCCM, ìwé tí ayàwòrán fọwọ́ sí, àti àkójọ ọjà tí ẹ fẹ́ kó bò. Ẹ lọ kí oṣù kẹjọ tó dé, nítorí àsìkò tí àlejò bá ń ra ọjà yín jù lọ náà ni ojú ń wà lára orúkọ yín jù lọ.